Ẹ Má Gba Yorùbá Lẹ́nu Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́

Sí Ọlọ́lá jùlọ, Dókítà Tunji Alausa,
Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́,
Àbújá.

Ọlọ́lá,

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni pé kí ọmọ ka Gẹ̀ẹ́sì kó yé e, kó sì kọ ọ́ kó yé ẹlòmíì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni tó kórìíra Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ̀wé yìí. Ohun tó mú mi gbé kálàmù ni ìpinnu tí ẹ kéde ní Àbújá ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, níbi àpérò tí British Council ṣe lórí èdè àti ẹ̀kọ́. Ẹ ní ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ètò tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí Adamu Adamu wà lórí àga tí ẹ jókòó lé lónìí. Ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ wọn láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tí ẹ sọ ni pé àwọn àgbègbè tó lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òdìkejì ohun tí ẹ sọ ni mò ń rí nínú kíláàsì tèmi, mi ò sì lè máa wò ó níran.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀nà kan ṣoṣo, èyí tí mo mọ̀ dunjú: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ní ìtumọ̀ púpọ̀, àti bí ọmọ ṣe ń mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford to ìlò ọ̀rọ̀-ìṣe 'run' nìkan, ó lé ní 600. Ọmọ tí wọ́n bá sọ fún pé kéèyàn sáré ni 'run', tí wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kò ní mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń ṣe tí wọ́n bá ní 'she runs a shop'. Kò ní mọ ohun tí olóṣèlú ń ṣe tó bá 'run for governor', kò sì ní mọ pé aṣọ àdìrẹ tí aró rẹ̀ ń ṣí nínú omi, 'run' náà ló ń ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò fara sin fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣí ìwé ọmọ rẹ̀ wò rí. Tíṣà á fa ìlà gbọọrọ kan sí àárín bọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ á wà lápá òsì, ìtumọ̀ kan ṣoṣo á wà lápá ọ̀tún. 'Charge: to ask for money.' Ọmọ á dà á kọ, á há a sórí, á sì gba máàkì. Lọ́jọ́ kejì, á ka gbólóhùn pé 'the police charged the driver to court', yóò sì sọ fún yín pé ọlọ́pàá ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí kan náà ń ṣáàjì fóònù bàbá rẹ̀ lálaalẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Mo fún kíláàsì JSS 2 kan ní àyọkà kúkurú lórí ìkún omi. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó ní 'The river burst its banks at night and the villagers lost everything.' Mo bi wọ́n pé kí ló fa àdánù àwọn ará abúlé. Ọmọkùnrin kan tó mọ ìṣirò dáadáa, tó jẹ́ pé òun ló máa ń kọ́kọ́ nawọ́, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn olè fọ́ báǹkì lóru, wọ́n sì kó owó àwọn ará abúlé lọ. Òun nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kọ ohun tó jọ ọ́.

Ẹ wo bí làákàyè ṣe pọ̀ tó nínú ìdáhùn yẹn, Ọlọ́lá. Ó mọ̀ pé tí nǹkan bá 'burst', ó ti fọ́ nìyẹn. Ó mọ báǹkì, nítorí ìyá rẹ̀ ń ná ọjà, ó sì máa ń rán an lọ sọ́dọ̀ oní-POS. Ó mọ̀ pé òru ni olè ń jà. Ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó fi hun ìtàn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun kan péré ni kò ní lọ́wọ́: ìtumọ̀ kejì 'bank'.

Mo kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé bí ìlànà ṣe ní kí n ṣe. Mo ní 'the side of a river'. Wọ́n ń wò mí. Mo ní 'the edge, the land along the water'. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Mo wá yíjú sí ọmọkùnrin yẹn, mo fi Yorùbá bi í pé, "Ṣé o ti rí Odò Ọ̀nà rí, nígbà tí òjò bá rọ̀ gan-an?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó máa ń kún dé títì." Mo ní, "Kó tó dé títì, ibo ló ń gbà kọjá?" Ó ní, "Etí odò." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mà, ṣé etí odò náà ni wọ́n ń pè ní 'bank'?" Kíláàsì gba ariwo. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Omíyalé tí ìyá àgbà rẹ̀ sọ fún un, bí odò Ògùnpa ṣe gbé ilé àti èèyàn lọ lọ́dún 1980. Àyọkà tó ti kú lójú wọn jí, wọ́n ń bá a jà, wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè, nígbà tí mo sì ní kí wọ́n fi 'bank' ṣe gbólóhùn méjì, ti owó àti ti odò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ṣe é gbà.

Etí ni ọmọ náà pè é. Etí la fi ń gbọ́ràn. A ní etí odò, etí aṣọ, etí ọ̀nà, etí ìlú. Kò sí ọmọ Yorùbá ọlọ́dún márùn-ún tí ẹ máa ní kó dúró ní etí ọ̀nà tó máa di etí ara rẹ̀ mú. Kò sí tíṣà tó kọ ìtumọ̀ wọ̀nyí sí bọ́ọ̀dù fún un. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń sọ fún un èyí tí àgbà ní lọ́kàn. Ó mọ̀ pé ẹni tó jẹ iyán yó, ẹni tó jẹ gbèsè ń sá, ẹni tó jẹ ọba gorí àpèrè. Ọgbọ́n tí a fi ń yan ìtumọ̀ ti wà lórí ọmọ kó tó gbé báàgì ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ èjìká, Yorùbá ló sì fi kọ́ ọ. Ohun tí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní láti ṣe ni kó fi ọgbọ́n yẹn han ọmọ, kó jẹ́ kó mọ̀ pé òun náà ni yóò lò fún 'bank' àti 'charge' àti 'run'. Bí ẹ bá ní kí n má fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, irinṣẹ́ tó ti ń lò láti kékeré lẹ ní kó gbé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá ṣe wúlò níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣi ọmọ lọ́nà. Àwọn ọmọ wa máa ń sọ pé 'I am hearing the smell of fish', wọ́n tún máa ń sọ pé 'he hears Hausa'. Tíṣà tí kò lè sọ Yorùbá, tàbí tí wọ́n ti kì í nílọ̀ pé kó má sọ ọ́, kò ní ju kó fa ìlà pupa sí i lábẹ́ kó kọ 'wrong' lọ. Èmi á sọ fún ọmọ pé 'gbọ́' tiwa gba ohùn, ó gba òórùn, ó gba kéèyàn mọ èdè. 'Hear' tiwọn, ohùn nìkan ló gbà. Tó bá jẹ́ òórùn, 'smell' ni. Tó bá jẹ́ èdè, 'understand' ni. Àlàyé náà kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ọmọ tó bá sì yé kì í padà sídìí àṣìṣe yẹn mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lèyí. Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì lọ̀rọ̀ náà ti ń dun àwọn ọmọ jù. Ẹ bi ọmọ Primary 3 pé 'What is the difference between 8 and 5?' Ọ̀pọ̀ ló máa sọ fún yín pé 8 ní ihò méjì, 5 kò sì ní. Òótọ́ ló sọ. 'Difference' tí wọ́n kọ́ ọ nínú Gẹ̀ẹ́sì ni ìyàtọ̀, ó sì ti wá ìyàtọ̀ wọn. Ẹ wá fi Yorùbá bi í pé 8 fi mélòó ju 5 lọ. Á dáhùn mẹ́ta kí ẹ tó pa ẹnu dé. Nínú ìwé máàkì, wọ́n á kọ ọ́ pé ọmọ yìí kò mọ ìyọkúrò. Irọ́ gbáà ni. Ìtumọ̀ kejì 'difference' ni kò mọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ka kíkọ́ ọ níyẹn sí iṣẹ́ òun, nítorí tíṣà ìṣirò ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ ìṣirò ni.

Tí ọmọ bá dàgbà sí i, ohun tó ń dúró dè é tún pọ̀ sí i. 'Mean' tí wọ́n kọ́ ọ pé ó jẹ́ ìkà èèyàn máa di iye tí wọ́n ń rí nínú ìṣirò tí wọ́n bá ro àwọn nọ́ńbà pọ̀, tí wọ́n sì fi iye wọn pín in. 'Product' tó mọ̀ sí ọjà á di èsì ìsọdipúpọ̀. 'Volume' tó ń yí sókè lórí rédíò á di ààyè tó wà nínú àpótí. 'Solution' á jẹ́ ojútùú ìṣòro lẹ́nu pásítọ̀, á jẹ́ iyọ̀ tó yòrò sínú omi lẹ́nu tíṣà kẹ́místìrì. 'Culture' á fi àṣà ìbílẹ̀ sílẹ̀, á di sísin kòkòrò àìfojúrí nínú àwo. 'Cell' á kúrò ní àhámọ́ ọlọ́pàá lọ sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó le jù lójú tèmi ni 'work'. Alágbàṣe kan gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé orí, ó dúró sójú kan títí òógùn fi bò ó. Fíṣíìsì ní kò ṣe 'work' kankan lórí àpò yẹn, nítorí àpò náà kò kúrò lójú kan. Ọmọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n pe 'work' fún, tí kò sẹ́ni tó jókòó tì í kó sọ fún un pé 'work' ti fíṣíìsì yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́, á rò pé ìwé náà ń purọ́ ni, tàbí pé òun ni òun kò ní ọpọlọ. Púpọ̀ ló ń gbà pé àwọn ni àwọn kò ní ọpọlọ. Mo ti rí wọn tí wọ́n fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ nítorí èyí.

Dókítà ni yín, oníṣègùn kíndìnrín sì ni. Ẹ mọ̀ ju èmi lọ pé 'positive' tó jẹ́ ohun rere létí gbogbo èèyàn, nínú èsì àyẹ̀wò ní ọsibítù, ó lè jẹ́ ìròyìn àìsàn. Ẹ ti lè jókòó ti aláìsàn rí tó ń dúpẹ́ nígbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Èdè wo lẹ fi máa ṣàlàyé fún un?

Àwọn aṣáájú pàápàá ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ púpọ̀. Winston Churchill, tó jẹ́ olórí ìjọba Bìrìtìkó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ogun náà pé àwọn ọ̀gá ológun Bìrìtìkó àti ti Amẹ́ríkà jiyàn pẹ́ lórí 'table'. Lọ́dọ̀ àwọn Bìrìtìkó, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wá sí iwájú ni; lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, kí wọ́n pa á tì di ọjọ́ mìíràn ni. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń fẹ́. Nítòsí ibí, nígbà tí àwọn ṣọ́jà gba ìjọba ní Niger ní oṣù Keje ọdún 2023, ECOWAS kéde 'sanctions' lé orílẹ̀-èdè náà lórí. Àwọn ọmọ SS mi mọ̀ pé tí gómìnà bá 'sanction' owó, ó ti fọwọ́ sí i ni. Wọ́n ń bi mí pé kí ló dé tí ECOWAS fi fọwọ́ sí ohun tí àwọn ṣọ́jà ṣe. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá ni, ó sì gba kéèyàn fi èdè tó dá ọmọ lójú pín ìfọwọ́sí àti ìfìyàjẹ níyà fún un.

Ẹ wá wo ìdánwò tí ẹ ń ṣàníyàn lé lórí. Nínú WAEC, lẹ́yìn àyọkà, wọ́n á fa ọ̀rọ̀ mélòó kan yọ, wọ́n á ní kí ọmọ wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè dípò rẹ̀ bí wọ́n ṣe lò ó nínú àyọkà náà. Bí wọ́n ṣe lò ó níbẹ̀: gbogbo ìdánwò náà wà lórí gbólóhùn yẹn. Ọmọ tó há ìtumọ̀ kan sórí máa kọ èyí tó há, yóò sì gba òdo. JAMB ní ìbéèrè 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì àti 40 nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta tó kù. Ọmọ tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bíi tiyín máa pàdé 'cell', 'base', 'current' àti 'power' nínú àwọn ẹ̀kọ́ náà.

Ọlọ́lá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo fẹ́ kí a jọ ka ọdún. Ọmọ tó jókòó WAEC ní 2025, tí kò tún kíláàsì kankan ṣe, ní sáà ẹ̀kọ́ 2013 sí 2014 ló wọ Primary 1. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ètò èdè abínibí ní ìparí 2022, ó ti wà ní SS 1. Kò jókòó nínú kíláàsì tí wọ́n ti lo ètò yẹn fún ọjọ́ kan. Adamu Adamu fúnra rẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà pé ó di ìgbà tí ìwé àti olùkọ́ bá wà nílẹ̀ kó tó lè bẹ̀rẹ̀ ní kíkún. Ètò tí kò tíì gbéra, báwo ló ṣe wá di ẹlẹ́bi? Bó bá sì jẹ́ ìlànà àtijọ́ ti 1977 lẹ ní lọ́kàn, tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí a lè jọ wò ó bóyá wọ́n tẹ̀ lé e ní tòótọ́. Ohun tí gbogbo wa rí ní 2025 ni pé wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì fún àwọn ọmọ kan lálẹ́ kí wọ́n lè kọ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì wọn. A tún rí i pé WAEC kọ́kọ́ ní ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló yege ní ẹ̀kọ́ márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, tí wọ́n tún padà wá sọ pé àṣìṣe ni, ìdá 62.96 ni. Èdè abínibí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá.

Ohun tí a mọ̀ ní tòótọ́ nípa fífi èdè abínibí kọ́ni wà nílẹ̀ láti Ifẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Ford Foundation. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, pẹ̀lú tíṣà tó mọ iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dunjú. Àwọn tí wọ́n fi wé wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wọn ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àwọn ọmọ tó lo Yorùbá fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ tó kù. Ìwé ìwádìí náà jáde ní 1989. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́. Ó ṣeé ṣe kí ìwé náà wà ní ibi ìkówèésí ilé-iṣẹ́ yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n gbé e wá fún yín.

Mo mọ ohun tó ń dà yín láàmú. Nàìjíríà ní èdè tó lé ní 500. Kíláàsì kan ní Ajégúnlẹ̀ ní Èkó lè ní ọmọ Yorùbá, Ìgbò, Ijaw, Haúsá àti Urhobo. Tíṣà tí wọ́n gbé láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn lè má gbọ́ èdè àwọn ọmọ. Ìṣòro gidi nìwọ̀nyí, mi ò sì ní sọ pé wọ́n rọrùn. Ṣùgbọ́n ìṣòro Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe ìṣòro Ìsẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti Ìkàrẹ́ tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí tíṣà àti gbogbo ọmọ kíláàsì jọ ń sọ èdè kan náà lójú ọ̀nà kí aago tó lù. Òfin kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo wọn mu.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé.

Èkíní, ẹ gbé ìwádìí tí ẹ ní ó fi hàn pé èdè abínibí ló fa ìjákulẹ̀ jáde fún gbogbo èèyàn. Ẹ jẹ́ kí a rí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n yẹ̀ wò, ọdún tí wọ́n wò, àti bí wọ́n ṣe mọ̀ pé èdè ni, tí kì í ṣe àìsí tíṣà tàbí àìsí ìwé.

Èkejì, èyí ló sì ká mi lára jù: ẹ fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pé, ìpinnu yòówù kó dúró, tíṣà ní ẹ̀tọ́ láti fi èdè abínibí ọmọ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un. Kí ó wà ní kíkọ sílẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe ń rí nílùú wa. Ohun tí ẹ sọ ní Àbújá pé Gẹ̀ẹ́sì ni ká fi máa kọ́ni, kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lábúlé, á ti di pé wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu tíṣà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣì wà tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ 'vernacular', tí wọ́n ń ní kó kúnlẹ̀. Ẹ ti fún wọn ní ìdí tuntun láti máa ṣe é. Ẹ̀yin nìkan ni ọ̀rọ̀ yín lè ká a kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀kẹta, ẹ fún wa ní ìwé. Ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ti tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ní Èkó láti 1913. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá apá kìíní ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe apá kejì ní 1990. NERDC, àjọ ìwádìí ètò ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ yín, ní àkójọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ yìí. Ìwé tinínrín kan là ń fẹ́ láti inú gbogbo ìwọ̀nyí, tí owó rẹ̀ kò ní ga ju agbára òbí lọ: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní ìtumọ̀ púpọ̀, ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan fún ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti àmì kékeré tó máa sọ bóyá ti ilé ni, ti ìṣirò ni, tàbí ti fíṣíìsì. Kí Haúsá ní tirẹ̀, kí Ìgbò ní tirẹ̀, kí Tiv àti Efik náà ní tiwọn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ bá WAEC àti JAMB sọ̀rọ̀ lórí Gẹ̀ẹ́sì tiwa. 'Severally' tí a ń lò nílẹ̀ yìí pé ìgbà púpọ̀ ni a ṣe nǹkan, Oxford ti gbà á sínú ìwé wọn ní 2020 gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà. Kí a sọ òótọ́ fún àwọn ọmọ: ìtumọ̀ tiwa nìyí, tàwọn tó kù nìyí, báyìí ni ìdánwò ṣe fẹ́ ẹ. Ọmọ tó bá mọ̀ pé méjì ni kò ní ṣi ọ̀kan lò fún ìkejì.

Mo tún ní ohun kan láti sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Àwọn ọmọ tó wọ Primary 1 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni yóò jókòó WAEC ní 2037. Ẹ lè má sí lórí àga yẹn mọ́ nígbà náà, èmi náà á ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n àwọn ni kíláàsì àkọ́kọ́ tí ìpinnu yín máa kọ́ láti Primary 1 títí dé òpin. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, kò ní sí èdè abínibí kankan tí ẹnikẹ́ni lè dá lẹ́bi mọ́, a ó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó buwọ́ lù ú. Àwọn òbí ń ka ìwé ìròyìn. Àwọn tíṣà ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Mo ń retí ìwé àṣẹ tí mo bẹ̀bẹ̀ fún. Títí yóò fi dé, n óò máa fi Yorùbá ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ mi, n óò kọ ọ́ sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é, n óò sì fi í han aṣàyẹ̀wò yòówù tí ẹ bá rán wá. Àlejò tiwa ni, a ó fún un ní àga, kó jókòó lẹ́yìn kíláàsì kó gbọ́.



Èmi ni,
olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan,
Ìbàdàn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.